Ọjọ́ Tí Mo Kọ "Bẹ́ẹ̀ Ni" Sínú Fọ́ọ̀mù Ìjọba

Òórùn tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń padà sí mi lọ́kàn ni òórùn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó pò mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ àti àgbàdo tí wọ́n ń sun lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ní Ìyànà-Ìbà, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré débi pé tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó síbẹ̀, orúnkún wọn á máa kan ara wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwa méjì péré la wà níbẹ̀, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí: orúkọ bàbá mi, ìlú mi, ilé ìwé tí mo lọ, gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ọdún kan ààbọ̀ péré ló fi jù mí lọ. Orí ẹní kan náà la jọ sùn dàgbà nílé bàbá wa ní Ọ̀jọ́, nítorí náà n kì í ṣe "ẹ" fún un, òun náà ò sì bínú sí i.

Iṣẹ́ ìjọba ló wà nílẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ yàrá oògùn wọn, ẹni tí yóò máa gba oògùn wọlé, tí yóò máa kọ èyí tó jáde sílẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà yóò sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ́ṣẹ́ nípa oògùn, mo ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò bá ohun tí mo kọ́ tan. Mo ti bá wọn tọ́jú ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Okokomaiko. Mo ti kiri aṣọ òkìrìkà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí ìkéde iṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀, ó pariwo orúkọ mi títí àwọn tó ń sun bọ́ọ̀lì lódìkejì títì fi bojú wẹ̀yìn.

A wá dé ìbéèrè kẹrìnlá. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè kò lọ́jú pọ̀: ṣé wọ́n ti lé ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí nítorí ìwà tí kò tọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ kà á dé ìdí kó tó tẹ "Rárá."

"Dúró ná," mo ní.

"Kí ni mo fẹ́ dúró fún?"

"Pa ìyẹn rẹ́. Má tíì tẹ nǹkan kan síbẹ̀."

Ó yí àga rẹ̀ padà, ó wò mí. Òun nìkan ló mọ̀ nínú ilé wa. Ó na ọwọ́ fa ilẹ̀kùn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà pa, bí ooru ṣe mú tó yẹn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. O ò tíì kọ́gbọ́n ni? O sọ òtítọ́ nígbà yẹn, kí ló ṣe fún ọ?"

Òótọ́ ló sọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, bó ṣe jẹ́ gan-an. Lọ́dún mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yẹn, mò ń ṣiṣẹ́ ní kẹ́mísìtì kan ní Àjàngbádì. Ìyá kan tó wá láti Abẹ́òkúta ló ni ín, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Àwa tá a wà lọ́dọ̀ wọn àti àwọn oníbàárà, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ń bi aláìsàn léèrè ohun tó ti lò kó tó dé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn òórùn páálí tuntun àti òórùn sípírítì tó máa ń wà ní ìka mi tí mo bá délé. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi wá le sí i. Oògùn tí wọ́n ń lò tán, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń fo ọjọ́. Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn lórí àga lẹ́yìnkùlé, ife omi já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú pákẹ́ẹ̀tì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lórí pẹpẹ Màmá, mo sì fi sínú báàgì mi. Mo ní mo máa sọ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì mo tún mú ọ̀kan. Mo tún ní mo máa sọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò tiẹ̀ sọ fún ara mi mọ́ pé mo máa sọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láàárín àkókò kan náà, páálí oògùn ibà àti ti ikọ́ ń dàwátì lódindi nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí Màmá ka ọjà, wọ́n pe gbogbo wa jọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ pé pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni mo mú, pé ti bàbá mi ni, pé mi ò fọwọ́ kan páálí kankan. Màmá wò mí títí. "Ẹni tó mú mẹ́ta náà ló mú ìyókù," wọ́n ní. Wọ́n lé mi lójú àwọn oníbàárà. Mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ náà ti sú mi.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi gún mi lára. Mo ti jẹ́wọ́ rí, ìjẹ́wọ́ mi ni wọ́n sì fi sọ mí di olè odidi ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa dẹ́kun gbígba fọ́ọ̀mù náà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó, mo jáde, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomaiko lábẹ́ oòrùn, láìní ohun tí mo ń lọ ṣe níbẹ̀. Mo dé, mo yí padà. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú títì bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Tí mo bá kọ "Rárá," ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo fojú inú wo ara mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́, mo rí i pé lójoojúmọ́ tí ẹnì kan bá wọlé láti Àjàngbádì, màá kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ̀ mí. Irú ìgbé ayé wo nìyẹn? Mo ti gbé e fún ọdún mẹ́fà, n kò fẹ́ gbé e dé ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, òógùn ti mú gbogbo aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lára. Èmi fúnra mi ni mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé. Mo kọ pé mo mú pákẹ́ẹ̀tì oògùn mẹ́ta fún bàbá mi láìgbàṣẹ, pé wọ́n lé mi nítorí rẹ̀, pé mo kábàámọ̀. Mo kọ orúkọ Màmá síbẹ̀ pẹ̀lú bí a ṣe ń dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, ó sì ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò parí. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ aṣọ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo bọ́ bàtà tí mo wọ̀, mo wọ òmíràn, mo tún padà sí ti àkọ́kọ́. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì gígùn kan. Bàbá àgbà kan tó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun ni olórí wọn, dígí ojú wọn wà ní ṣóńṣó imú. Òyìnbó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, bí mo ṣe máa to ọjà, èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Mo dá wọn lóhùn, ohùn mi sì ń le díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olórí wọn ṣí ìwé mi sí ojú ewé kan, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá.

"Ọmọ yìí, kí ló dé tó o fi kọ èyí? Àwa ì bá má mọ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ lẹ fẹ́ fún mi, sà," mo ní. "Mi ò fẹ́ máa bẹ̀rù ẹni tó máa wá sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn tí mo bá ti mọ́ yín lára."

"Mẹ́ta náà ni?"

"Mẹ́ta náà ni, sà. Wọ́n ní mo mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń kọ nǹkan. Olórí wọn yọ dígí. "Tí bàbá rẹ bá tún ṣàìsàn lọ́la ńkọ́, tí oògùn sì kún yàrá, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ti múra ìdáhùn oríṣiríṣi sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ìbéèrè yẹn mu. Ohun tó yẹ kí n sọ ni "Láéláé, sà." Ó wà lẹ́nu mi. N kò sọ ọ́. "Mi ò lè fi ọ̀la búra, sà," mo ní. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé màá béèrè. Nígbà yẹn, mi ò béèrè, torí ojú tì mí kí Màmá mọ̀ pé nǹkan le fún wa tó bẹ́ẹ̀." Bíróò obìnrin náà dúró lórí ìwé. Wọ́n ní kí n máa lọ, wọ́n á pè mí.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi dúró. N kò lè jókòó pẹ́ níbì kan. Mo gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá, mo fọ ìkòkò tó mọ́. Bí fóònù bá dún, bóyá ti ẹlòmíràn ni o, èmi ni màá kọ́kọ́ fò dìde. Nígbà tí wọ́n wá pè mí lóòótọ́, ẹni tó pè kò sọ ohun tó ń fẹ́, ó kàn ní kí n yọjú. Olórí yẹn nìkan ni mo bá ní ọ́fíìsì. Wọn ò ní kí n jókòó.

"A rán èèyàn lọ sí Àjàngbádì," wọ́n ní. "Màmá tó o dárúkọ sọ pé kò sí ohun tó sọnù lọ́dọ̀ òun rí. Ó ní ìwọ lo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ, pé ọmọ dáadáa ni ọ́." Wọ́n fi ìka kan ìwé náà. "Ọ̀kan nínú yín ń purọ́ fún ìjọba. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo fún ọ. Wá sọ èyí tó ń purọ́ fún mi."

Bí mo ṣe jáde, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi, ẹ̀rín tí kò dùn. Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ sọ òótọ́, Màmá pè mí lólè. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ìjọba pé olè ni mí, Màmá ní n kì í ṣe olè. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àjàngbádì lọ́jọ́ náà gan-an, ibi tí mo ti ń yà fún láti ọdún mẹ́fà. Ọ̀nà tí mo máa ń yí gba ẹ̀yìn kí n má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò gbà á.

Màmá ti darúgbó. Irun wọn ti funfun níwájú, wọ́n sì ń gbé ìgò súnmọ́ ojú kí wọ́n tó lè kà á. Wọ́n mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Mo ti bá ọ ṣe é," wọ́n ní, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dìde. "Ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n rán wá, mo ti sọ ohun rere nípa rẹ. Kí ló tún kù?"

"Mà, mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ lé mi, àti ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ lé mi."

Wọ́n gbé ìgò ọwọ́ wọn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n béèrè ni, mà."

"Wọ́n béèrè! O wá sọ mí di òpùrọ́ níwájú ìjọba, èmi àgbà yìí! Èmi tí mo rò pé mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́!" Ohùn wọn lọ sókè. Ọkùnrin kan wọlé tó ń wúkọ́, Màmá sì yí sí i, wọ́n bi í léèrè bó ṣe pẹ́ tó, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sọ ìgbà tí yóò máa lò ó fún un lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe látijọ́. Nígbà tó jáde, ìbínú náà ti kúrò lójú wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí kan.

"Kì í ṣe ìwọ lo kó àwọn páálí yẹn," wọ́n ní.

"Mo mọ̀, mà."

"Èmi náà mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti mọ̀." Àbúrò wọn ọkùnrin, tó máa ń bá wọn wa ọkọ̀ ọjà, ló ń kó àwọn páálí náà lọ tà fún ẹnì kan ní Ìjanikin. Màmá fúnra wọn ló rí páálí kan níbẹ̀, tí ìkọ̀wé ọwọ́ wọn ṣì wà lára rẹ̀. "Ọmọ ìyá mi ni. Mo lé e, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò wá mi wá."

"Kí n wá sọ kí ni? Ìwọ náà ṣáà mú mẹ́ta. Mo ń fi mẹ́ta yẹn tu ara mi nínú." Wọ́n wo ilẹ̀. "Nígbà tí wọ́n wá béèrè rẹ, mo ní Ọlọ́run ló fún mi láyè láti san án padà."

N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo jáde láìdágbére. Ọdún mẹ́rin! Mo ń rìn, omijé ń bọ́, inú ń bí mi, mo kọjá àwọn tó ń ta táyà, mo kọjá mọ́ṣáláṣí, mo dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Gbogbo ara mi fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè bá mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti gbọ́ nínú ohùn Màmá ohun kan tí mo mọ̀ dunjú, ohùn ẹni tó ń yà fún ojú ọ̀nà kan kí wọ́n má baà rí òun. Mo yí padà. Màmá ṣì jókòó sórí àpótí náà. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ní kí n wá sọ ẹni tó ń purọ́ nínú wa.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kó o wá?"

"Ọjọ́bọ̀, mà."

"Màá bá ọ lọ." Wọ́n wá bi mí pé, "Bàbá rẹ mọ̀?" Mo mi orí pé rárá. "Lọ sọ fún wọn lónìí. Àwọn tó ń béèrè kiri yìí máa dé ilé yín. Má jẹ́ kí ọ̀dọ̀ àlejò ni wọ́n ti gbọ́."

Ọ̀dọ̀ bàbá mi le ju ọ́fíìsì lọ. Mo bá wọn lórí ẹní lẹ́yìn tí wọ́n kírun Alásàrì tán, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Mo ń gbọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dúró.

"Ìyẹn ni pé ohun tí mo gbé mì nígbà yẹn, ẹrù olè ni," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ká ní o sọ fún mi ni, n bá ní kó o dá a padà." Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ kan kọjá. "N bá sì ti kú, bóyá." Wọ́n tẹ́ ọwọ́ tí ife já bọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́sí, wọ́n wò ó. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fi pamọ́. Èmi ni mi ò sọ pé oògùn tán." Wọn ò bú mi, wọn ò sì sọ pé àwọn dárí jì mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tó jáde, wọ́n pè mí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà tó gùn débi tí mo fi ń wo aago.

Màmá wọ aṣọ òkè tó jọ ti ọjọ́ ọdún. Wọ́n dúró níwájú olórí yẹn, wọ́n kọ̀ láti jókòó. "Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa fún ẹni tí ẹ rán sí mi," wọ́n ní. "Ọmọ yìí mú pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mo sì lé e. Páálí tó sọnù lọ́dọ̀ mi nígbà náà, inú ilé mi ni olè wà. Mo fi ti mẹ́ta di gbogbo rẹ̀ rù ú. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti mọ̀, mi ò sì sọ ọ́ rí kó tó di ọ̀sẹ̀ yìí." Wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé funfun kan tí wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì. Olórí náà kà á tán, wọ́n tún kà á. Wọ́n dìde fún Màmá, wọ́n ní, "Ẹ má bínú pé a jẹ́ kí ẹ rin ìrìn yìí." Èmi, wọ́n wò mí lásán, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́."

Wọn ò fún mi níṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, mo sì mọ̀ títí dòní pé bí èmi ni mo jókòó sí àga yẹn, bóyá ohun tí n bá ṣe náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé "Ṣé o rí i?" àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Màmá ló kọ́kọ́ gbà mí padà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo sì gbà lẹ́yìn tí mo ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ò di ọ̀rẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rántí ọdún mẹ́rin yẹn, tí n kò ní fẹ́ dáhùn tí wọ́n bá pè mí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì kan náà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní ilé ìlera kan lọ́nà Ìjanikin, wọ́n sì bi mí bóyá mo ṣì ń fẹ́ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà títí di ìsinsìnyí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ara mi ti wá balẹ̀ pátápátá. Tí nǹkan bá sọnù níbi iṣẹ́, bó jẹ́ bíróò nọ́ọ̀sì ni, èmi ni màá kọ́kọ́ tú báàgì mi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, n kò sì tíì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan yé mi tí kò yé mi nígbà tí mò ń rìn lábẹ́ oòrùn yẹn. Mo rò pé èmi àti ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà kàn, pé tí mo bá dáhùn, wọ́n á gbà mí tàbí kí wọ́n lé mi, á sì parí. N kò mọ̀ pé ìyá àgbà kan wà ní Àjàngbádì tó ń fi mẹ́ta mi bo páálí tirẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí pé bàbá mi ní èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ kí n tó ní tèmi. Fún ọdún mẹ́fà ni mo fi ru ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá pọ̀ mọ́ èyí tí mi ò dá, títí n kò fi mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́. Tí wọ́n bá bi mí lónìí, mo mọ ohun tí mo ṣe, mo mọ ibi tó mọ, mo sì lè sọ ọ́ tán pátá kí n tó mí ẹ̀ẹ̀kan.